Ìlú Tí Kò Ní Onílẹ̀

Màrìwò ni Olúrántí jí bá lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ ní Ìkòsì. Oko tí onílẹ̀ bá ta màrìwò sí, àlejò tó ń dáko níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò jẹ wà nínú oko náà, oyún Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù rẹ̀.

Àfọwọ́fà ni. Àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí obì sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti ń sọ pé ilẹ̀ náà di tòun nìyẹn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúrántí náà mọ̀ ọ́n, ó sì gbin obì.

Ìwé ló kó sí i lórí. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Kétu ló yá a ní ìwé àtijọ́ kan, nípa erékùṣù kan tí kò sí onílẹ̀, tí kò sí àlejò, tí gbogbo ènìyàn jọ ń jẹun pọ̀. Ó kà á títí ó fi gbàgbé ibi tó ń gbé.

Rẹ̀mílẹ́kún ní kó lọ bẹ̀bẹ̀, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ ìwé náà ló gbé dání! Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àmúsà onílẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà, ó fara balẹ̀ gbọ́.

“Ta ló ń pa ẹran fún wọn níbẹ̀?” ni Bàbá béèrè.

Olúrántí ṣí ojú ìwé tó ti fò dá. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹrú ni, Bàbá. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n.”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. “Èmi kò dè ọ́. Hú obì yẹn kí oòrùn tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ.”

Nígbà tó délé, tó jíṣẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Ó gbé ọkọ́, ó fọwọ́ kan ti ìbàdí, ó forí lé oko. Òun ló ń pọnmi láti odò wá bomi rin àwọn obì náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọkọ rẹ̀ ń jókòó lábẹ́ ìbòòji, tó ń kàwé sí i létí nípa ìlú tí kò sẹ́ni tó ju ẹnì kan lọ.

Ojú ti Olúrántí. Ó sáré bá a, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó.

Obìnrin náà dúró síbẹ̀, ó ń wò ó títí ó fi hú obì àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.