Káóbọ̀ì Tí Kò Gẹṣin

"Ẹṣin dà?" Ṣẹ́rífù ti pariwo kí iná tó tàn. "Mo ní ẹṣin dà? Kí ẹnì kan nínú yín fi ẹsẹ̀ ẹṣin kan ṣoṣo hàn mí nínú ohun tí a wò tán yìí. Ẹsẹ̀ lásán ni mo ní. Mi ò tíì béèrè orí."

"Orúkọ àwọn òṣèré ṣì ń gòkè lójú aṣọ, Bọ̀ọ̀dá mi," ni Wẹ́dà wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí yín pé ó dàbọ̀ ná, kí ẹ tó máa pa wọ́n."

"Kí wọ́n máa lọ. Ẹsẹ̀ náà ni wọ́n máa fi rìn, wọn ò kúkú ní ẹṣin."

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fa aṣọ dúdú tí wọ́n fi dí fèrèsé, oòrùn ọ̀sán sì ya wọlé. Bó ṣe ń lọ ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ nǹkan, díẹ̀ ló kù kó fi imú gbálẹ̀.

"Ta ló bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà?"

Ṣẹ́rífù ti bọ́ sí àárín yàrá, ó ń na ìka sí aṣọ funfun tí wọ́n wo fíìmù lára rẹ̀ bí ẹni pé aṣọ náà jí i lẹ́rù, ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀.

Ọkùnrin yìí kò ṣe ọlọ́pàá rí o. Onígbàjámọ̀ ni. Ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ aláwọ ló máa ń dé gẹrun fún èèyàn, tí oníbàárà bá sì mirí, á gbé abẹ dúró, á ní, "Má mira, àlejò." Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lára. Wẹ́dà ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Obìnrin náà ló ń jó gbogbo géètì àti irin fèrèsé tó wà ní àdúgbò, àpá iná kún apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa á sọ fún ọ pé iná ẹnu rẹ̀ gbóná ju èyí tó fi ń jó irin lọ.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Lọ́jọ́ ìsinmi, Télọ̀ á ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á kó ìdì aṣọ sórí tábìlì, yàrá á sì di ilé sinimá. Fíìmù káóbọ̀ì nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ògiri kan wà tí wọn ò fi ṣeré, tí wọ́n kàn ń pè ní Ògiri: òun ni wọ́n ń lẹ àwòrán fíìmù mọ́, èyí tí ẹgbẹ́ bá gbà pé káóbọ̀ì gidi ni. Kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n bá wò ló ń débẹ̀. Ẹni tó bá mú fíìmù wá gbọ́dọ̀ jà fún un, tí wọ́n bá sì da fíìmù èèyàn nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó parí. Onítọ̀hún lè máa wá wòran, ṣùgbọ́n kò ní mú fíìmù wá mọ́ láé.

Wọ́n ti da ti Wẹ́dà nù lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, àwọn darandaran orí yìnyín, Ṣẹ́rífù ní òtútù ò bá káóbọ̀ì mu. Ti ìkejì, inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ṣẹ́rífù ní kí wọ́n lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè. Òní lẹ̀ẹ̀kẹta. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Wẹ́dà rí fíìmù tuntun yìí, kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Tí ó bá ń jó irin lọ́wọ́, abẹ́ ìbòjú rẹ̀ ni fíìmù náà ti máa ń tún ara rẹ̀ ṣe fún un.

"Bọ́tìnnì," ni Télọ̀ wí.

Bí wọ́n ṣe ń jà nìyẹn. Télọ̀ á ka bọ́tìnnì mẹ́fà sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jiyàn, bí ọta ìbọn mẹ́fà. Tí o bá sọ̀rọ̀, tí ẹnì kejì sì wó ọ̀rọ̀ rẹ palẹ̀, Télọ̀ á mú bọ́tìnnì kan kúrò níwájú rẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Ẹjọ́ kò sí lẹ́yìn ti Télọ̀. Àgbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ yìnbọn," ni Ṣẹ́rífù wí. "Ẹṣin. Kò sí ẹṣin, kò sí káóbọ̀ì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé omi ni obìnrin inú fíìmù yìí ń wà kiri. Ọkọ̀ omi, ẹ̀yin èèyàn mi."

Wẹ́dà kò dìde. Ó kàn gbé ìka sókè sí Ògiri. "Ẹ wo èyí tó wà lápá òsì yẹn, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ mú un wá. Ẹṣin ọkùnrin yẹn kú kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Gàárì ló gbé sórí rìn dé òpin fíìmù. Àbí gàárì náà ń jẹ koríko?"

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Télọ̀ mú bọ́tìnnì kan kúrò níwájú Ṣẹ́rífù.

"Ó dáa," ni Wẹ́dà wí, ara rẹ̀ ti ń yá. "Ẹ gbọ́ tèmi. Káóbọ̀ì ni ibi tí òfin kò tíì dé, tí oníkálukú ń ṣe bó ṣe wù ú."

"Oríta tí iná rẹ̀ bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá ńkọ́?" ni Ṣẹ́rífù bi í. "Ṣé káóbọ̀ì náà nìyẹn?"

"Káóbọ̀ì ni," ni Dírẹ́bà wí. "Ẹ wá bá mi wa bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ láàárọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, bọ́tìnnì rẹ̀ kan sì lọ.

"Ilẹ̀ Amẹ́ríkà," ni Ṣẹ́rífù wí.

"Àwọn ará Ítálì ló ya ìdajì ohun tó wà lára Ògiri yẹn, ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n sì ti yà á. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi. Ẹ tún fi ọwọ́ sọ̀yà."

Bọ́tìnnì lọ.

"Àlejò," ni Wẹ́dà wí. "Àlejò kan wọ̀lú, ó tún ọ̀rọ̀ ìlú ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ."

"Ọkùnrin tó ń wá wo mítà iná náà ń wọ̀lú. Ó tún ń bá tirẹ̀ lọ."

"Kì í tún nǹkan kan ṣe ní tirẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n Télọ̀ ti na ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ṣẹ́rífù ní ìbọn, Wẹ́dà rán an létí ọ̀gá ọlọ́pàá tó sọ ìbọn rẹ̀ sínú odò ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tí kò sì yọ ọ́ mọ́. Wẹ́dà ní ẹ̀san, Ṣẹ́rífù ní tó bá jẹ́ ẹ̀san ni, gbogbo eré ìyàwó àti ìyá ọkọ ni káóbọ̀ì. Ṣẹ́rífù ní akẹtẹ̀. Wẹ́dà bi í pé ta ló dé akẹtẹ̀ tó pọ̀ jù ní àdúgbò yìí, ṣé ó ti gba ìlú kan là rí. Dírẹ́bà fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún wó ọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń jókòó dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì, tó kan máa ń wá sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ti gun orí àpótí, ó ń ké sí wọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Inú Wẹ́dà ń dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Òun gan-an kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ló kúkú ti kó àrùn káóbọ̀ì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orí èjìká rẹ̀ ló ń jókòó sí tí wọ́n bá ń ju àwòrán sára ògiri ilé ìwé. Tí wọ́n bá wá dé ilé, Bọ̀ọ̀dá á gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì, á lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri. Màmá wọn á ní, "Ìwọ, ta ló ń lé ẹ?" Á ní, "Màmá, fíìmù káóbọ̀ì tó bá dáa, tó bá wọ èèyàn lára, onítọ̀hún ò ní lè kọ ẹ̀yìn sílẹ̀kùn." Màmá á ṣépè fún ẹni tó dá sinimá sílẹ̀. Wẹ́dà á sì gbé abọ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sídìí ògiri.

Ó fẹ́ kí fíìmù kan ṣoṣo tí òun mú wá wà níbẹ̀, láàárín tirẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ni ó wí. Ó ti dìde báyìí. "Ẹ rántí ìparí rẹ̀. Ìlú gbẹ, ilẹ̀ funfun fún iyọ̀. Kànga kan ṣoṣo, ọkùnrin yẹn ti fi àgádágodo tì í. Obìnrin yẹn dúró sí ìhà kan kànga, sípánà wà ní ìbàdí rẹ̀. Ọkùnrin yẹn dúró sí ìhà kejì, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn nìkan. Wọ́n fi ọwọ́ obìnrin hàn wá, wọ́n fi ọwọ́ ọkùnrin hàn wá. Ìka ń mì. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mí."

Wẹ́dà pàápàá tún wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nínú òkùnkùn, níbi tí nǹkan onírin kan ti fa ara rẹ̀ nílẹ̀, gbiiii, tó rò pé apá ẹ̀rọ tó ń fa omi ni.

"Èmi ò mí," ni Dírẹ́bà wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ìwọ, tí ẹnì kan bá ń bó ọsàn, o ò ní mí," ni Ṣẹ́rífù wí. "Àwọn méjì tó ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ lọ́kọláya ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ṣé ká lọ lẹ àwòrán wọn mọ́ Ògiri?"

Ẹ̀rín tún bú. Télọ̀ mú bọ́tìnnì. Wẹ́dà wo iwájú rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Ó wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ku ẹyọ kan.

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ ti fẹnu jà tó. Kí ni káóbọ̀ì? Kí oníkálukú sọ ọ̀rọ̀ kan tó dá lójú. Ṣẹ́rífù, ìwọ lo ṣáájú."

Ṣẹ́rífù rìn lọ, ó rìn bọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pápá lórí sìmẹ́ńtì. Ó ṣí akẹtẹ̀, ó fi nu òógùn, ó dé e padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, kò pariwo mọ́, ìyẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù ba Wẹ́dà.

"Mo gbà," ni ó wí. "Ẹṣin kọ́. Ìbọn kọ́. Akẹtẹ̀ kọ́. Àbúrò mi ti já gbogbo ìyẹn gbà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Káóbọ̀ì, ara ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹnu ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ọdún tí mo ti ń wo káóbọ̀ì ju ọjọ́ orí àwọn mìíràn nínú yín lọ, ara mi ò tàn mí jẹ rí. Tó bá jẹ́ gidi, ara mi á sọ. Ti òní yìí, ara mi ò sọ nǹkan kan. Mo jókòó sí ààyè mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ wó ìyẹn tí ẹ bá lè wó o."

Ó padà sídìí àga rẹ̀, ó jókòó, àga náà sì ké. Àga onírin tí wọ́n ti fi ń gẹrun rí ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí tìmùtìmù rẹ̀ ya. Kò sẹ́lòmíì tó gbọdọ̀ jókòó sí i. Nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wú láti orí ìdúró, á bọ́ bàtà sídìí rẹ̀ kó tó jókòó, á sì na ẹsẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn wà.

Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ta ló fẹ́ bá èèyàn jiyàn lórí ara onítọ̀hún? Télọ̀ mi orí díẹ̀díẹ̀, ó wo Wẹ́dà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó kù níwájú obìnrin náà.

Wẹ́dà kò wo bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò, láti orí akẹtẹ̀ dé ẹsẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà ó wo àpá gígùn kan tí irin fà lórí sìmẹ́ńtì. Ó fi ojú tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí àga gba àárín yàrá kọjá, títí dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí sálúbàtà méjì wà, tí ọ̀kan dojú dé.

"Bàbá, ẹ dúró ná," ni ó sọ fún Télọ̀.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó sálúbàtà méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn wá bí ẹni gbé nǹkan fún àgbà, ó kúnlẹ̀, ó tò wọ́n síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni ó wí, "ẹnu ọ̀nà lẹ jókòó sí nígbà tí a paná, ẹ kọ ẹ̀yìn sílẹ̀kùn. Ibẹ̀ lẹ bọ́ bàtà yín sí. Ògiri ló wà lẹ́yìn yín báyìí. Ta ló gbé àga yín débẹ̀, ẹṣin ni?"