Ẹ̀rọ Omi Iwájú Ilé Ìyáálé

Nígbà tí fọ́máànù àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fa páìpù omi kan èèkàn pupa mọ́ iwájú ilé aránṣọ, onídìrí ń fọ irun oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lókè. Ojú fèrèsé ló ti rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan nínú irun obìnrin náà, ọṣẹ sì ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ojú mi!" ni oníbàárà ké.

"Ẹ má bínú," ni onídìrí wí, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára èèkàn.

Àdúgbò wọn kò ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, tó gun òkè láti etí títì. Ọkọ onídìrí àti ọkọ aránṣọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kọ́lé sí téńté òkè, àbúrò kọ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́bàá títì. Onídìrí ni ìyáálé, aránṣọ ni ìyàwó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, omi inú ọmọlanke ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mo-fẹ́rẹ̀ẹ́-dé, nítorí pé bí ẹ bá ké sí i láàárọ̀, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé" ni yóò máa wí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Omi rẹ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá lówó, omi kòtò ni yóò lọ bù, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ omi wá ní bí àdúgbò bá lè dá ìdámẹ́ta owó páìpù, àwọn á gbé ìyókù, gbogbo ilé ló dá a. Ẹ̀rọ kan péré ni owó náà ká. Wọ́n fẹnu kò ní ìpàdé pé ilé tí ẹ̀rọ bá wà níwájú rẹ̀, ìyàwó ilé náà ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Yóò máa gba owó kékeré lórí garawa kọ̀ọ̀kan, kí apá kan wà fún àtúnṣe, kí apá kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kó pọn tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ yìí ni onídìrí ń fẹ́, kì í sì í ṣe tìtorí owó. Ó ń fẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa wá bá òun láràárọ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, kí wọ́n máa kí òun, kí òun máa dá wọn lóhùn bí ó bá ti wu òun.

Lójú tirẹ̀, kò tún sí ohun tó kù tí aránṣọ kò tíì gbà. Ìyá ọkọ wọn dé láti abúlé, gbogbo ènìyàn rò pé ilé àkọ́bí ni yóò sùn. Màmá wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Orúnkún mi ò gbà," ó sì yà sílé àbúrò. Látìgbà náà, bí onídìrí bá ti rántí orúnkún yẹn, inú a máa bí i. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, bó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, a kọ́kọ́ yà kí ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá gòkè délé, a ní òun ti yó, ìyàwó àbúrò òun ti fún òun lóúnjẹ. Onídìrí a bo abọ́ rẹ̀ padà.

Ní báyìí, ẹ̀rọ omi tún fẹ́ yà síbẹ̀.

Ó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lórí, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, fọ́máànù. Ta ló ní kẹ́ ẹ kan igi mọ́bí?"

"Omi ló ní kí n kàn án mọ́bẹ̀, ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Omi ti ń bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ó ń bá mi sọ ọ́. Ó ní òkè yín ga jù fún òun."

"Kí ni wọ́n ti fún yín jẹ níbí?"

Aránṣọ gbọ́ ohùn wọn, ó jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi. Ẹ wọlé, ẹ fìdí kan ìjókòó."

"N ò jókòó. Ṣé o ti mọ̀ pé iwájú rẹ ni?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni, mà."

Onídìrí wo ojú rẹ̀ bóyá ayọ̀ wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Bíńtín ni, aránṣọ sì ń gbìyànjú láti fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ìyáálé rí i, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ọjọ́ tí àdúgbò tún ṣèpàdé lórí ẹ̀rọ náà, onídìrí ló kọ́kọ́ dìde. Alága àdúgbò, ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ariwo rárá, ti ń nu ojú kí obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ bi yín léèrè," ni onídìrí wí. "Ta ló kọ́kọ́ dé òpópónà yìí nínú àwa méjèèjì? Ta ló gbé omi gbígbóná lọ fún ìyàwó nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀? Ṣé a ti ń fi ìyàwó ṣáájú ìyáálé báyìí?"

Fọ́máànù dìde. "Ìyá, omi ò mọ ìyáálé, kò mọ ìyàwó. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ló mọ̀. Bí a bá fà á dé òkè, yóò dé, ṣùgbọ́n yóò ti rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín ṣe lọ sílẹ̀ tán, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó bu ìyáálé kù ní gbangba. Bàbá kan ní ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fágbà kò ní kábàámọ̀. Òmíràn ní òkè ọ̀hún kò kúkú ga tó bẹ́ẹ̀. Alága yíjú sí aránṣọ.

"Kí lo rí sí i, ìyàwó?"

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Mo yọ̀ǹda fún ìyáálé mi, sà."

Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Onídìrí ń retí pé ara òun á fúyẹ́, kò fúyẹ́. Òun ló gba ẹ̀rọ, aránṣọ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Wọ́n fa páìpù gòkè. Wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ inú àpótí irin, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onídìrí lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ìlà gùn dé ìdajì òkè. Ó ṣí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ húkọ́, ó tu afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni omi jáde, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Garawa kan kò tíì kún tí ẹsẹ̀ fi ń ro àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Ṣé omi nìyí àbí ẹ̀rọ ń sunkún?" ni eléèédú béèrè. Obìnrin tó ń ta èédú yìí kì í ní ọ̀rọ̀ tí kì í sọ jáde.

"Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀nà ló jìn sí i."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́, ìyáálé. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Kò pẹ́ tí Mo-fẹ́rẹ̀ẹ́-dé fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fowó lé omi rẹ̀. Bó ti ń ti ọmọlanke kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó ṣí fìlà. "Ìyáálé, Olúwa á ṣe tiyín náà! Mo ti rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Onídìrí pòṣé, ó wọlé.

Bí omi kò ṣe kárí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tí yóò pọn ọ́n. Àwọn ará òkè tí wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n ń rí omi. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rí omi. Àwọn ará ìsàlẹ̀ á gòkè, wọ́n á sì ru òfìfo padà. Bí aránṣọ bá wá, onídìrí a ní omi ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni. Aránṣọ a ní, "Ó dáa, mà, ẹ kú wàhálà." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí onídìrí gbádùn. Ì bá sàn kó bú òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbójú sókè láti inú irun tó ń dì, ó rí Màmá lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà ń fi ọ̀pá gun òkè bọ̀, kẹ́tùrù kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó mí, ó dìde, ó tún jókòó. Onídìrí sáré lọ pàdé rẹ̀.

"Màmá! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rìn débí?"

"Omi ni mo wá pọn."

"Ìyàwó ńkọ́, tí kò lè pọn ọ́n fún yín?"

"Ó wá lánàá. Ó wá níjẹta. O ní ó ti tán." Màmá nu òógùn ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo dé, n kò lè gun òkè rẹ, o sì ti ń bá mi bínú látìgbà náà. Ṣé o rò pé n ò mọ̀ ni? Mo ti gùn ún báyìí, ọmọ mi. Ṣé omi wà?"

Onídìrí ṣí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni garawa mẹ́ta wà, omi kún wọn dé ẹnu. Màmá rí wọn. Ó na kẹ́tùrù sí i, ó gbà á padà nígbà tó kún, ó ní, "O ṣé," ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí onídìrí bá òun gbé e.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, onídìrí ti wà lọ́dọ̀ fọ́máànù níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò kejì. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní páìpù tó ti wà nínú ilẹ̀ ṣeé hú, ẹ̀rọ ṣeé tú, òun á bá wọn dè é, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ omi kò ní sanwó ilẹ̀ gbígbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Onídìrí bá pe ìpàdé fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí a gbé e sọ̀ kalẹ̀," ló wí. Gbólóhùn náà le lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹkún ẹ̀rọ ti sú ìyáálé ni?" ni eléèédú béèrè.

"Ó ti sú mi. Kò sí owó tí a máa dá mọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ iwájú ara rẹ̀. Iwájú tèmi ló gùn jù, màá gbẹ́ ẹ."

"Àwọn arúgbó òkè ńkọ́?" ni alága béèrè. "Wọ́n dá owó bíi ti gbogbo wa."

"Ṣé Mo-fẹ́rẹ̀ẹ́-dé ò ní ọmọlanke ni? Kí ó máa ti tiwọn gòkè láràárọ̀, kí a máa fún un nínú owó ẹ̀rọ."

Láti ẹ̀yìn, Mo-fẹ́rẹ̀ẹ́-dé ní, "Kí wọ́n tó jí ni màá ti dé!" Ẹ̀rín tó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, aránṣọ parí iwájú tirẹ̀ ní kùtùkùtù, ó sì gbé díígà gòkè wá bá ìyáálé rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ti bó, mà."

"Ọwọ́ ara mi ni."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ilẹ̀ ń dìde níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. Onídìrí dúró, ó ń wò ó. Kódà ó mọ ilẹ̀ gbẹ́ ju òun lọ! Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tún gbá ọkọ́ mú.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ nísàlẹ̀, omi tú jáde, ó lu ìdí garawa gbàmù gbàmù, àwọn ènìyàn hó. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí ìyáálé rẹ̀.

"Ẹ bá wa mú un dání, mà. Èmi á kàn máa jókòó tì í."

Ojú onídìrí lọ síbi kọ́kọ́rọ́ náà, kò sì tètè kúrò níbẹ̀.

"Mú un," ló wí. "Bí mo bá gbà á, ẹni tí yóò pọn ni màá tún máa yàn."

Ó lọ tò sẹ́yìn eléèédú. Nígbà tó kàn án, ó san owó garawa rẹ̀, ó rù ú, ó kọrí sí òkè. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ tí ẹnìkan lórí ìlà ń pè pé, "Ìyá Omi, ẹ bá mi dé garawa yìí dáadáa!" Aránṣọ sì dáhùn, "Mo ń bọ̀."

Ìyá Omi. Wọ́n ti wá orúkọ fún un. Ẹsẹ̀ onídìrí dúró lórí òkè, omi dà díẹ̀ sí i léjìká. Ó gbọ́ bí wọ́n ti tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé garawa náà jókòó dáadáa lórí, ó sì ń gòkè lọ, nítorí oníbàárà kan ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọṣẹ lórí.