Kò Dùn Mí

Abọ́ amọ̀ náà ti fọ́ kí Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé òun ti ń sáré. Ìró rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ èèpo ẹ̀pà ni. Igbe ìyá tó ń ṣọ́ yàrá ló gba etí rẹ̀ kan: ìyá àgbàlagbà kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú, tó ti nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí abọ́ wà tẹ́lẹ̀.

"Ó dùn mí!" ni Nọ́ọ̀sì ń pariwo bó ṣe ń sáré bọ̀ láti ìdí fèrèsé. "Ó dùn mí, màmá! Ó dùn mí o!"

Èdè àwọn onílẹ̀ ìlú òkèèrè yìí ló fi sọ ọ́. Tíṣà ti ṣòfin láti àárọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì kò gbọ́dọ̀ sọ èdè ìyá rẹ̀ títí wọ́n á fi kúrò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ́ ọ náà nìyẹn. Ó ti bi Tíṣà rí pé kí ni wọ́n máa ń sọ níbí fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ, tàbí ẹni tí ata ta sí lójú. Tíṣà ronú títí, ó ní, "O lè sọ pé, ó dùn mí." Inú Nọ́ọ̀sì dùn ju kí wọ́n fún un lẹ́bùn lọ. Ó ti rí pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti mọ ẹ ǹ lẹ́, ẹ ṣé àti pẹ̀lẹ́, ìlú wo ni kò lè gbé?

Àṣé pẹ̀lẹ́ kọ́ ni.

Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kọ́kọ́rọ́ kún ìbàdí rẹ̀, ti gbọ́ "ó dùn mí" láti orí àtẹ̀gùn. Nígbà tó wọlé, kò wo ilẹ̀, kò wo ìyá tó ń jẹ̀rora. Nọ́ọ̀sì ló wò. Àwọn ará kíláàsì tó kù, tí wọ́n ti wọ yàrá kejì lọ tipẹ́, rọ́ padà wá, ó lé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Ó ku òun, Tíṣà, Nọ́ọ̀sì àti ìyá ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n ti gbé jókòó sórí àga, tó fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ kan abọ́ yìí?" ni Ọ̀gá wí. Èdè yẹn kò mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ. Ọba ni, ọmọ ọwọ́ ni, ìwọ ni gbogbo wọn.

"Rárá, sà."

"Ìwọ lo ti obìnrin yìí?"

"Rárá!"

"Kí ló wá dùn ọ́?"

"Ó ṣubú."

"Mo rí i pé ó ṣubú. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì wo Tíṣà. Kí ló kàn án? Irú ìbéèrè wo lèyí? Nílé wọn, ewúrẹ́ lásán fẹsẹ̀ kọ, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́ fún un kí wọ́n tó fi igi lé e jáde. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè fi ṣàlàyé èyí, kò rí. Orúkọ àwọ̀, orúkọ ọjọ́ àti orúkọ ohun èlò ilé ìdáná nìkan ló wá sí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì yìí, orí abọ́ ẹlòmíràn ló fọ́ sí.

Tíṣà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè yé e. "Níbí, ẹni tó bá ní ó dùn òun, ó ti gbà pé òun ló jẹ̀bi. Bí Ọ̀gá bá fi ẹjọ́ ránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ á yọ ẹ́. Òfin ni. Mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i."

Bí wọ́n bá yọ Nọ́ọ̀sì ní kíláàsì èdè, ilé ìwòsàn tó fi àyè iṣẹ́ sílẹ̀ dè é á gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Wọ́n ti ta fíríìjì, wọ́n ti ta bẹ́ẹ̀dì, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ ti kó lọ sí yàrá kan nílé ìyá ọkọ, wọ́n ń retí kó pè wọ́n wá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kì í sùn láìkọ́kọ́ béèrè lórí fóònù pé kí ni wọ́n ń pe ológbò níbẹ̀.

Ó yíjú sí ìyá ẹ̀ṣọ́. "Màmá, sọ fún wọn. O rí mi. Jọ̀ọ́."

Ìyá náà gbójú sá. "Mi ò lójú lẹ́yìn," ló wí. "Mi ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn mi."

Irọ́ ni, ìbẹ̀rù ló sì wà nídìí irọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn tó ń fi nǹkan pamọ́ fún dókítà. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí. Ọ̀gá ti fa fóònù yọ.

Ìgbà náà ni ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà, ní èdè Yorùbá gidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Agbẹnusọ ni, nítorí òun ló máa ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọ̀lẹ kíláàsì.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ má sọ ọ́ mọ́ o! Wọ́n ní ẹ ti jẹ́wọ́!"

"Jẹ́wọ́ kí ni? Pẹ̀lẹ́ ti di ìjẹ́wọ́?"

"Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn! Ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, kíá!"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kó o jẹ? Wọn ò tíì kọ́ wa níyẹn!"

"Èdè wa nìkan!" ni Tíṣà ké, àfi bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì pa ojú dé. Ó ti sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ tú u. Báwo ni wọ́n ṣe ń tú ọ̀rọ̀? Ó rántí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá: *ó wá, kò wá, ó jẹun, kò jẹun.* Àṣé kò le tó bẹ́ẹ̀! Ó ṣe gìrì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó gbóhùn sókè kí ó má baà sí ẹni tó máa ní òun kò gbọ́.

"Kò dùn mí."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo wí?" ni Ọ̀gá béèrè.

Nọ́ọ̀sì rò pé ó ti ń yé wọn. Ó nàka sí ìyá ẹ̀ṣọ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe kedere. "Màmá yìí ṣubú. Kò dùn mí. Kò dùn mí rárá!"

Ìyá ẹ̀ṣọ́ dìde lórí àga bí ẹni tí oyin ta.

"Kò dùn ọ́? Èmi, arúgbó bíi tèmi, mo tẹ omi, mo yọ̀, mo fìdí janlẹ̀, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ìwọ dúró sídìí fèrèsé lọ́hùn-ún, ò ń wò mí, o wá ń la ẹnu pé kò dùn ọ́? Ṣé òkúta ni wọ́n fi ṣe ọkàn rẹ ni?"

"Ìdí fèrèsé?" ni Tíṣà wí.

Ó wo fèrèsé, ó wo pẹpẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù lè yí padà ní àárín méjèèjì. Ọ̀gá náà wò ó. Ó rọra dá fóònù padà sápò, ó fi orí ṣe àmì sí Nọ́ọ̀sì pé kó máa lọ.

"Àǹtí, ẹ ti bọ́!" ni Agbẹnusọ hó lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti bọ́ o jàre!"

Nọ́ọ̀sì fara ti ògiri, ojú àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń kọjá lójú rẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kí Ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá ẹ̀ṣọ́. Ohùn ọkùnrin náà ti wá tutù, ó rọ̀ bí òwú.

"Omi wo?"

Wọ́n ti gba ìgò omi lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú omi wọ yàrá yẹn, áńbọ̀tórí ẹni tí wọ́n sanwó fún láti ṣọ́ ọ. Ìyá náà ń fi gìgísẹ̀ ti ìgò kan wọ abẹ́ àga.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Ọ̀gá fi lé ìyá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì sì gbọ́ méjèèjì yékéyéké láìsí ògbufọ̀. Ó yíjú sí màmá, ó la ẹnu. Tíṣà di apá rẹ̀ mú gírígírí, ó fà á jáde.