Ohùn Ọkọ̀ Aláìsàn

Nígbà tí fèrè ọkọ̀ aláìsàn àdúgbò wa kú, owó tí a ó fi tún un ṣe wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ọkọ̀ jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n sì fi owó náà kọ orúkọ ara wọn sára ọkọ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Wọ́n ní kí ni fèrè, bí kì í bá ṣe ariwo? Ariwo, Ọlọ́run ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ariwo tí wọ́n ń wí ni Gbohùngbohùn. Kóòtù ni bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pe orúkọ ẹlẹ́jọ́ títí adájọ́ fúnra rẹ̀ á fi ta gìrì lórí àga. Kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ ọkọ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣe gbà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń wà á lọ́sàn-án, tó bá ti pín búrẹ́dì rẹ̀ tán. Gbohùngbohùn á jókòó tì í, á yọ orí àti èjìká lójú fèrèsé, á figbe ta: "Ẹ yà o! Ẹ yà lọ́nà fún aláìsàn!" Mọ́tò á yà, ewúrẹ́ á yà, ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ lórí pèpéle ilé rẹ̀ á yà.

Owó epo wá ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá gbé ní í san án. Ṣùgbọ́n aláìsàn tòótọ́ kì í ráyè sanwó, nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ bá tún ronú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun lásán, kó mú owó kékeré wá. Ẹni tó bá fẹ́ igbe, kó fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ àti ipò òun ké igbe náà, ìyẹn ni owó gidi.

Háà! Àìsàn wọ̀lú. Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ní kí wọ́n wá gbé òun. Ọkùnrin kan tí èékánná rẹ̀ ya ní kí wọ́n máa ké e ní Ọ̀gá Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì. Obìnrin kan ní kí wọ́n fi kún tòun pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun ga ju ti aládùúgbò òun lọ. Epo kún táǹkì, inú ìgbìmọ̀ dùn bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Gbohùngbohùn pàápàá, ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Oyin ló fi ń jí láàárọ̀, kì í sì í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé mọ́, kó má baà fi ohùn ṣòfò. Ìyàwó náà, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ní kí Ọlọ́run bá òun bù kún ìgbìmọ̀, pé ilé ti rọgbọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Alága Gbogbo Onílé, oníṣòwò símẹ́ǹtì, ló wà nínú ọkọ̀. Òsúkè ló ń ṣe é.

"Ẹ gba iwájú ilé ọ̀tá mi," ló wí láti orí ibùsùn.

"Ọ̀nà ọsibítù kọ́ nìyẹn, Alága," Ìyá Oníbúrẹ́dì fèsì.

"Ṣé mi ò — hìíkì! — sanwó ni?"

Wọ́n gba ibẹ̀. Ọ̀tá ò sí nílé. Alága ní kí wọ́n yípo kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà, ọ̀tá ti dé, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Wọ́n tún padà. Gbohùngbohùn ń ké, "Ẹ yà fún Alága Gbogbo Onílé! Baba Símẹ́ǹtì! Ẹni tí òsúkè rẹ̀ ń mi òkè ilé!" títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ bí okùn. Òsúkè náà ti dá tipẹ́. Alága ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Ibẹ̀ ni fóònù Ìyá Oníbúrẹ́dì ti dún. Bó ṣe gbọ́ ọ tán, ó tẹ bíréèkì, Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ìyàwó yín ni. Ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Inú ló dì mú. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wọn ní àpẹ́ńdíìsì ni, pé tó bá fi lè bẹ́ sínú, ká má ro ibi."

Gbohùngbohùn yíjú sẹ́yìn. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi? Aláìsàn bíi tèmi?"

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti sukè gbẹ̀yìn," Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Hìíkì," ni Alága sọ, bí ọmọ iléèwé tó ń kàwé sókè.

Ìyá Oníbúrẹ́dì yí ọkọ̀ padà, pẹ̀lú Alága àti òsúkè rẹ̀ nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé aránṣọ náà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Òógùn bò ó, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Alága wò ó. Ó wo ibùsùn. Ó dìde, ó lọ ká ara rẹ̀ jọ sí igun kan.

Ọ̀nà dí pa. Gbohùngbohùn yọrí jáde, ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún là á: ó dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Gbogbo ohùn tó ní ti ṣòfò síwájú ilé ọ̀tá Alága. Mọ́tò kan ò mira. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀, lórí àwọn orúkọ aláwọ̀ wúrà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló tún lẹ́nu nínú ọkọ̀ yìí o?" Ìyá Oníbúrẹ́dì pariwo.

Alága bọ́ síwájú, ó fi ìdí ti Gbohùngbohùn, ó gbé ikùn lé ojú fèrèsé. Ó fẹ́ ní ẹ yà fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bá ké èyí tó mọ̀.

"Alága Gbogbo Onílé! Èmi ni! Èmi gan-an ni! Baba Símẹ́ǹtì! Ẹ yà fún mi!"

Àwọn awakọ̀ yọjú. Wọ́n rí àgbàlagbà tó ń ki ara rẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ní, "Yéè, ti eléyìí ti wọ orí!" Wọ́n yà. Tírélà yà.

Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń sáré tẹ̀lé ibùsùn. "Orúkọ aláìsàn?"

Gbohùngbohùn la ẹnu, ó pa á dé. Alága, tí ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀, dáhùn pé, "Alága Gbogbo Onílé!" Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, wọ́n so ó mọ́ obìnrin náà lọ́rùn ọwọ́, wọ́n tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ó kù díẹ̀ kó bẹ́, dókítà wí nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́. Gbohùngbohùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága bi dókítà bóyá ó gbọ́ igbe nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tí aránṣọ lajú, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Alága, ẹ kú ewu o."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ó rọra kà á.

"Èmi ni Alága Gbogbo Onílé?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà gùn.

"Kò burú. Ẹ sọ fún onílé wa kó kó owó ilé tọdún yìí wá fún mi. Mi ò sì gba àwìn."

Ẹ̀rín gbé Gbohùngbohùn. Ohùn kankan ò jáde, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń jó.

"Ẹ rọra o," ìyàwó rẹ̀ wí. "Tẹ́ ẹ bá mú mi rẹ́rìn-ín, ojú iṣẹ́ abẹ yìí á tú. Èmi kọ́ ló sì máa tún un rán."