Ìlà Èjì, Yàrá Èjì

Inú ilé tí mo fi kọ̀ǹpútà kọ ni mo wà. Yàrá mẹ́sàn-án ló ní: ìlà mẹ́ta, yàrá mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmì àkámọ́ ni mo fi ṣe ògiri rẹ̀, ó sì tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Yàrá àárín gbùngbùn ni mo tẹ́ ọmọ mi sí. Obìnrin ni. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni, igò oyin sì wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ilẹ̀kùn ló kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Kò tíì pé ọjọ́ kẹjọ,” igò oyin sọ. “Ọjọ́ tí ẹ bí i, òdo ni. Ọjọ́ keje lónìí. Padà wá lọ́la.”

Inú bí mi. Mo ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ọjọ́ tí a bí ọmọ la ti ń kà á mọ́ ọn. Igò náà rẹ́rìn-ín, oyin inú rẹ̀ sì di iyọ̀.

“Ta ló kọ ilé yìí?” ó bi mí.

Èmi ni. Àfọwọ́fà ni.

Àwọn ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Ilẹ̀kùn kan sọ fún mi pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè pè é, àti pé wọn yóò pa àwọn yàrá yòókù rẹ́. Ó ní kí n dárúkọ. Mo ní ọmọ mi kò tíì lórúkọ.

“Pe ipò rẹ̀ nígbà náà, ọ̀dẹ̀.”

Mo fi ìka ka ìlà: ọ̀kan, èjì. Mo ka yàrá: ọ̀kan, èjì. Ó dá mi lójú gbangba. Mo kígbe pé, “Ìlà èjì, yàrá èjì!”

Yàrá ìkángun ló ṣí, lórí ìlà ìkángun. Bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń kà, ilé náà ti ka òdo kí ó tó ka ọ̀kan. Ìyá mi ló jáde, ẹni tí a sin ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Aṣọ tí a fi sin ín ló wọ̀, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

“Láoyè, ìwọ lo pè mí?”

“Ọmọ mi ni mo pè, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní oǹkà,” ó ní. “O kà á dáadáa.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo tì í. Kò mira. Ó gba igò lọ́wọ́ mi, ó lá iyọ̀ inú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ kí n sọ òun lórúkọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yàrá ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ku ti àárín nìkan, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi níbẹ̀. Ó ń kà.

“Òdo,” ó ní.

Mo dúró de ọ̀kan.