Ojú Ọ̀run Tí Bertha Fi Tàdáwà Yà

Bertha ìyàwó mi kì í ya ènìyàn, kì í ya ilé. Ojú ọ̀run ló máa ń yà. Á gbé àga sẹ́yìn ilé wa ní Bẹẹrẹ, á máa wo òkè Mápó títí òjò á fi ṣú, lẹ́yìn náà á wọlé, á da dúdú sórí pépà, á fi omi fà á, á sì fi àyè funfun díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àyè funfun yẹn ni ìmọ́lẹ̀.

Tàdáwà tí àwọn alífáà fi ń kọ̀wé ló ń lò. Nígbà tí pépà rẹ̀ tán, ó ra wàláà kan ní Ọjà'ba, irú pákó tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ́ Kùránì. Ó fi ẹfun kùn ún, ó sì ya ojú ọ̀run sórí rẹ̀. Èyí ló yà gbẹ̀yìn kó tó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ pín ìyókù. Mo ní wọn kò ní í gba èyí, nítorí òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó kù sí mi nílé.

Mo gbé e kọ́ sókè ibùsùn. N kò sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún àlùfáà wa. Bí mo bá ti fèrèsé, tí yàrá ṣókùnkùn, àyè funfun yẹn kì í ṣókùnkùn. Kì í tàn bí àtùpà. Ó kàn dà bí ibi tí ògiri ti lu, tí ilẹ̀ ń mọ́ ní òdìkejì. Nígbà mìíràn, atẹ́gùn tútù tó máa ń ṣáájú òjò á fẹ́ sí mi lójú láti ibẹ̀.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Ràbíátù aládùúgbò wa wọlé wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé ni, níbi tó ti lọ tọ́jú ọmọ tí Hikmat ọmọ rẹ̀ bí. Kò sí nílé nígbà tí a sin Bertha. Ó sunkún díẹ̀, ó sì bá mi wí pé irùngbọ̀n mi ti di ti òbúkọ. Mo sùn lọ. Nígbà tó jí mi, ó gbé abọ́ kan sí mi lẹ́nu. Mo rò pé àgbo ni. Mo mu ún tán.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè. Wàláà náà mọ́ tónítóní, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló ṣe.

"Tíṣà, hàntú yín ni mo fọ̀ fún yín. Mi ò rí alífáà tó kọ̀wé kún wàláà báyìí rí. Ẹ wá gbé e kọ́ bíi kàlẹ́ńdà. Ṣé ògiri ló ń ṣàìsàn ni?"

Nínú agboolé wọn, bí ara ẹnìkan kò bá yá, alífáà á kọ àdúrà sára wàláà, wọ́n á fọ̀ ọ́, aláìsàn á sì mu omi rẹ̀; omi yẹn ni hàntú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe àdúrà, pé Bertha ló yà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. N kò rí ìbínú bí. Mo kàn di ojú mi.

Ojú ọ̀run náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìpéǹpéjú mi, dúdú rẹ̀ ṣì tutù. Ọwọ́ kan ń fà á. Mo mọ ọwọ́ náà.

Ibà ti lọ báyìí, mo sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá di ojú, ẹnu iṣẹ́ ni mo máa ń bá Bertha. N kì í pè é, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dúró. Àyè funfun tó ṣẹ́ kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́, bí dúdú bá sì ti kan etí àyè náà, èémí mi máa ń gé.

Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá kùn ún tán, síbẹ̀ mo tún di ojú mi láàárọ̀ yìí.