Iye Tí A Fi Lé Àbàtà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Adíyelé fi rìn nínú àbàtà yẹn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọ́fíìsì nìyẹn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa díye lé odò, igbó àti ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ dáàbò bò. Obìnrin náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó ka ẹja, ó wọn omi, ó sì jókòó ti àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, apẹja tí ilé rẹ̀ wà létí àbàtà gan-an, tí wọ́n jọ ń kọ ọ́ sílẹ̀: ilé mélòó ni omi ì bá gbé lọ bí kò bá sí àbàtà tó ń fa òjò mu? Igba ilé ó lé méjì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di owó. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn lọ́jọ́ tó parí ìwé náà, torí iye ọ̀hún pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó tún máa pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ lásán.

Àṣé gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ kò ronú kan ẹni tó lówó lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó ju fáìlì sórí tábìlì. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ kó yanrìn dí àbàtà náà, kó fi kọ́ ilé ìtajà. Òfin sì ní ẹni tó bá fẹ́ ba irú ibẹ̀ jẹ́ gbọ́dọ̀ san iye tí adíyelé kọ.

"Wọ́n máa san án," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo ẹ̀ pátá. Wọn ò tiẹ̀ dúnàádúrà. Ṣáà buwọ́ lùwé pé ìwọ lo kọ iye yẹn."

"Ọ̀gá, mi ò kọ ọ́ fún títà. Mo kọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án ni."

"Níbo lo kọ ìyẹn sí?"

Ó ṣí ìwé náà wò. Àádọ́rin ojú ewé, iye ló kún inú wọn. Gbólóhùn kan péré tó ní ibẹ̀ kò ṣeé tà, kò sí.

"Tí mo bá ní iye yẹn ò tọ̀nà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àbàtà ò níye lórí nìyẹn. Wọ́n á dí i lọ́fẹ̀ẹ́." Ọ̀gá ò fi í ṣẹ̀sín, ó ti rẹ òun náà. "Tó o bá sì kọ̀, wọ́n á gbé e fẹ́lòmíì, ìyẹn á dín in kù."

Ọ̀nà mẹ́ta, yanrìn ni gbogbo wọn já sí. Adíyelé mú bíírò, ó tún gbé e kalẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Apẹja ni.

"Ọmọ mi, àwọn kan ń wọn ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi. Ṣé ìwé wa ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Òun ni, bàbá."

"O ṣeun o! Mo mọ̀ pé o ò ní já wa kulẹ̀."

Kò lè purọ́ fún un. "Bàbá, wọ́n fẹ́ san owó ẹ̀ kí wọ́n lè dí i ni."

Apẹja bi í pé, "Igba ilé ó lé méjì tá a kà yẹn, ṣé tèmi wà ńbẹ̀?"

"Tiyín la fi bẹ̀rẹ̀."

"Á jẹ́ pé wọ́n ti sanwó omi tó máa gbé mi lọ. Ta ni wọ́n san án fún?"

"Ìjọba, bàbá."

Adíyelé fa ìwé náà mọ́ra, ó sì buwọ́ lù ú, kẹ́nìkan má baà tún dín iye ilé bàbá kù.